Ṣé púrótéènì àpọ̀jù ló ń jí jíìnì bróílà?

Ìsọ̀kùn-Adìẹ (Iléṣà)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oúnjẹ adìẹ, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan tó ń ta oúnjẹ lọ́jà Àtakúmọ̀sà ní sítátà (oúnjẹ òròmọ) tòun ní púrótéènì 28%, ó ní púrótéènì tó pọ̀ tó báyẹn ló ń jí jíìnì ìdàgbàsókè lára bróílà, ìyẹn ni pé ó ń ta á jí kó ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ ju ti 23% lọ dáadáa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Unifẹ̀ náà ní òótọ́ ni pé oúnjẹ máa ń yí bí ara ṣe ń lo jíìnì padà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ọlọ́jà yìí ò wá parọ́ nìyẹn? Ohun tí màá fi pò oúnjẹ ni mo ń wá, ẹ má fi èdè ìwé nìkan dá mi lóhùn.

———

Oníṣirò-Oúnjẹ (Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sọ òótọ́. Ọlọ́jà yẹn ló mú òótọ́ kékeré, tó wá fi polówó ohun tí òótọ́ náà ò sọ.

Jíìnì fúnra rẹ̀ kì í yí padà torí oúnjẹ. Láti ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ ti ka gbogbo àkọsílẹ̀ jíìnì adìẹ, nǹkan bí bílíọ̀nù kan lẹ́tà ni. Kí òròmọ tó kọ́kọ́ jẹ ẹyọ oúnjẹ kan, gbogbo jíìnì tó máa lò títí dọjọ́ tí wọ́n máa pa á ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ohun tí oúnjẹ ń yí padà ni àdàkọ, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń da jíìnì kan kọ léraléra sí mRNA, ìyẹn ẹ̀dà jíìnì náà. mRNA yìí ló ń jáde kúrò nínú kókó sẹ́ẹ̀lì lọ bá ríbósómù. Ríbósómù ló ń kà á, tó ń to amino acid, ẹyọ kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ́ púrótéènì, tẹ̀ léra wọn di púrótéènì. Iṣẹ́ méjì nìyẹn, dídàkọ àti kíkà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn pọ̀ sí.

Ibi tí púrótéènì oúnjẹ ti ń fọwọ́ kan àdàkọ jù ni ẹ̀dọ̀. Nínú adìẹ, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá ara. Ọ̀rá tẹ́ ẹ ń rí nínú ikùn bróílà, ibẹ̀ ni wọ́n kó o pamọ́ sí, wọn ò ṣe é níbẹ̀. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́ yìí ni malic enzyme, fatty acid synthase àti acetyl-CoA carboxylase. Tí púrótéènì bá kéré tí agbára oúnjẹ sì pọ̀, àdàkọ jíìnì wọn máa ń lọ sókè. Tẹ́ ẹ bá fi púrótéènì kún un, ó máa ń lọ sílẹ̀. Họ́mọ̀nù wà nídìí ẹ̀. Oúnjẹ tí púrótéènì rẹ̀ kéré máa ń gbé T3 (họ́mọ̀nù tairọ́ìdì) inú ẹ̀jẹ̀ adìẹ sókè, T3 sì máa ń ti àdàkọ malic enzyme síwájú. Glucagon, họ́mọ̀nù tó ń pọ̀ nígbà tí ebi bá ń pa adìẹ, ló ń fà á sẹ́yìn.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yẹn. Ohun tó hàn jù tí púrótéènì púpọ̀ ń ṣe sí jíìnì nínú ẹ̀dọ̀ ni pé ó ń dín àdàkọ kù. Àwọn jíìnì ọ̀rá ló ń fi sùn.

Jíìnì tí wọ́n sábà máa ń pè ní ti ìdàgbàsókè ni IGF-1. Òun náà ń gbọ́ràn sí púrótéènì lẹ́nu: tí púrótéènì ò bá tó, mRNA rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ máa ń dín kù, IGF-1 inú ẹ̀jẹ̀ náà á sì lọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ dé ibi tó tó, ó padà sípò. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ ò lè fi púrótéènì rọ́ ọ sókè mọ́. Inú iṣan náà nìyí: tí lysine, ọ̀kan nínú àwọn amino acid, bá wọ́n, àdàkọ atrogin-1 máa ń ròkè. Atrogin-1 ló ń sàmì sí púrótéènì iṣan kí ara lè tú u ká. Tí lysine bá tó, ó rọlẹ̀.

———

Ìyá-Bróílà (Mọdákẹ́kẹ́)

Àlàyé yìí dára, ṣùgbọ́n kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà mu tán. Àwọn tó ń lo 26% sí 28% ń rí adìẹ tó wúwo ju ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikùn rẹ̀ ò sì lọ́ràá. Àwọn tó ń ra adìẹ ní Lágere mọ̀ ọ́n yàtọ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ tẹ igẹ̀ rẹ̀. Ẹ ò lè sọ fún ẹni tó ń gbé adìẹ sórí òṣùwọ̀n pé ohun tó rí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí jíìnì ò bá jí, kí ló jí?

———

Oníṣirò-Oúnjẹ (Ilé-Ifẹ̀)

Ìyá, mo gbà pé ikùn rẹ̀ ò ní lọ́ràá. Ohun tí mo sọ nípa ẹ̀dọ̀ gan-an nìyẹn. Ti ìwúwo ni mo ní àtakò sí.

Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà, ohun tí wọ́n ń pè ní 23% tẹ́lẹ̀ kì í ṣe 23%. Tí ẹ̀wà sóyà ò bá yan dáadáa, tí ẹja lílọ̀ bá ní iyanrìn, tí àgbàdo sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ torí pé òun ló dín owó, oúnjẹ tí wọ́n kọ 23% sí lára lè má ju 19% lọ. Ẹni tó wá bọ́ sórí 28% tó jẹ́ 23% lóòótọ́ máa rí ìyàtọ̀. Àìtó ló kúrò ńlẹ̀, kì í ṣe àpọ̀jù ló ṣiṣẹ́.

Ìwọ̀n tí NRC (National Research Council) ti Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde lọ́dún 1994 ṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: 23% fún ọ̀sẹ̀ 0 sí 3, 20% fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, 18% fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Lysine jẹ́ 1.10%, 1.00% àti 0.85%. Methionine, amino acid mìíràn, jẹ́ 0.50%, 0.38% àti 0.32%. Bróílà òde òní ń yára dàgbà ju ti ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ sì ń fi lysine àti methionine ti sítátà sókè díẹ̀. Amino acid ni wọ́n ń fi kún, kì í ṣe pé wọ́n ń sáré gbé púrótéènì lọ sí 28%.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Sẹ́ẹ̀lì ò mọ ohun tó ń jẹ́ 28%. Ohun tó mọ̀ ni bóyá tRNA kọ̀ọ̀kan, aláàárù tó ń gbé amino acid lọ bá ríbósómù, rí amino acid tirẹ̀ gbé. Tí ẹyọ kan bá wọ́n, bí lysine, tRNA rẹ̀ máa wà lófìfo. GCN2, ẹ́ńsáìmù kan nínú sẹ́ẹ̀lì, ló ń rí i pé ó ṣófo, tó sì ń dín kíkà mRNA kù káàkiri sẹ́ẹ̀lì. Ní àkókò kan náà, ATF4, púrótéènì tó ń darí àdàkọ, á pọ̀ sí i, á sì gbé àdàkọ àwọn jíìnì àìtó sókè. Amino acid mọ́kàndínlógún yòókù lè kún inú ẹ̀jẹ̀, kò dí ihò ọ̀kan tó ṣófo. Ó dà bí ẹni tó ń mọlé tí búlọ́ọ̀kù kún ilẹ̀ tí sìmẹ́ńtì tán.

Àwọn tó pọ̀ jù níbí ń fi GNC, ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, gbé púrótéènì sókè torí pé ó rọrùn láti rí. Púrótéènì rẹ̀ tó 45%, ṣùgbọ́n lysine inú rẹ̀ ò ju nǹkan bí 1.5% lọ. Ti sóyà tí wọ́n fún òróró rẹ̀ jẹ́ 44%, lysine rẹ̀ sì sún mọ́ 2.7%. Tẹ́ ẹ bá yọ àgbàdo kìlò 12 nínú 100, tẹ́ ẹ fi GNC kìlò 12 dípò rẹ̀, púrótéènì á fi nǹkan bí 4.3% ròkè. Lysine ò ní fi ju 0.15% lọ. Agbára oúnjẹ á tún fi nǹkan bí 120 kcal lọ sílẹ̀ nínú kìlò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti rówó ná, adìẹ ò rí ohun tó ń wá.

Sítátà kìlò 100 tó ṣeé gbára lé: àgbàdo 50.9, ẹ̀wà sóyà yíyan tí wọn ò yọ òróró rẹ̀ 22, sóyà tí wọ́n fún òróró rẹ̀ 14, GNC 6, ẹja lílọ̀ 2.5, egungun lílọ̀ 2.5, òkúta ẹfun lílọ̀ 1.2, methionine 0.25, lysine 0.1, premix (àpòpọ̀ fítámínì àti mínírà) 0.25, iyọ̀ 0.3. Ó ń bọ́ sí púrótéènì 23.4% àti agbára nǹkan bí 2,980 kcal nínú kìlò kan, tí àgbàdo bá jẹ́ 9%, sóyà yíyan 38%, tí ẹja sì jẹ́ 65% lóòótọ́.

———

Ẹ̀rọ-Ìlọ̀ (Iléṣà)

"Lóòótọ́" tí ẹ fi parí yẹn ni gbogbo ìjà. Ẹja lílọ̀ tí wọ́n kọ 65% sí lára tí kò dé 40% wà lọ́jà dáadáa.

Ìdí tí wọ́n fi ń rí i ṣe ni pé yàrá àyẹ̀wò ò wọn púrótéènì fúnra rẹ̀. Nitrogen ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Ajílẹ̀ urea sì ní nitrogen 46%, ìyẹn púrótéènì orí ìwé tó ju 287% lọ. Ẹni tó bá po urea kìlò 2 mọ́ ẹja kìlò 98 ti fi púrótéènì èké tó lé ní 5% kún un. Màlúù lè fi urea ṣe nǹkan torí kòkòrò inú àpòlúkù rẹ̀. Adìẹ ò lè fi ṣe ohunkóhun.

Bí a ṣe ń mú un: ẹ lọ ẹ̀wà sóyà tútù tí kò kan iná. Ẹ fi ẹja lílọ̀ ṣíbí kan sínú ìgò méjì. Ẹ bu sóyà tútù lílọ̀ sí ìkíní, ẹ má bu sí ìkejì. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí méjèèjì, ẹ dé wọn, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Sóyà tútù ní urease, òun ló ń tú urea sí ammonia. Tí òórùn tó ń ta imú bá jáde nínú ìgò oní-sóyà tí kò sí nínú ìkejì, urea ti wọ ẹja yẹn. Ìgò kejì yẹn ṣe pàtàkì, torí ẹja tó ti pẹ́ máa ń rùn bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti iyanrìn rọrùn: ẹ da ẹja sínú ife omi, ẹ rò ó, ẹ wo ìsàlẹ̀.

Ẹ yí i padà, ẹ ó fi mọ̀ bóyá sóyà yíyan jinná: urea díẹ̀, sóyà yíyan lílọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Tó bá rùn ammonia, kò tíì jinná. Sóyà tí kò jinná ní ohun tó ń di trypsin, ẹ́ńsáìmù tó ń da púrótéènì oúnjẹ, lọ́wọ́. Ẹ la adìẹ tó ti jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ wo pancreas, ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó funfun díẹ̀ tó wà láàárín ibi tí ìfun àkọ́kọ́ ti yí po bí ìkọ́. Ẹ ó rí i pé ó wú ju bó ṣe yẹ lọ, torí ó ń tẹra mọ́ ṣíṣe trypsin láti rọ́pò èyí tí sóyà dì mú. Methionine àti cysteine tó yẹ kó lọ sí igẹ̀ àti ìyẹ́ ló ń ná síbẹ̀.

Sóyà tó jóná náà burú. Nínú agbada oníyanrìn, ẹ dúró nígbà tí èèpo bá là, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi wúrà díẹ̀, tí òórùn ẹ̀wà tútù sì lọ. Tó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀ pupa, lysine inú rẹ̀ ti so mọ́ ṣúgà, adìẹ ò lè rí i lò mọ́. Kjeldahl, àyẹ̀wò nitrogen yẹn, ò ní fi hàn yín. Nitrogen rẹ̀ ṣì pé.

———

Ọmọ-Unifẹ̀

Mo fẹ́ fi ìbéèrè yìí ṣe iṣẹ́ ìwádìí: oúnjẹ 18%, 23% àti 28%, kí n sì wọn mRNA malic enzyme àti IGF-1 nínú ẹ̀dọ̀ àti atrogin-1 nínú igẹ̀. Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún? Iná NEPA ló ń bà mí lẹ́rù jù.

———

Yàrá-Àyẹ̀wò (Ilé-Ifẹ̀)

Kó o tó ronú kan iná, ronú kan ọgbà. Bí adìẹ mẹ́wàá bá ń jẹ nínú yàrá kan náà, ẹyọ kan ni wọ́n jẹ́ lójú ìṣirò, kì í ṣe mẹ́wàá. Ó kéré tán, fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní yàrá márùn-ún tàbí mẹ́fà. Tún rí i pé agbára oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Bí púrótéènì bá ń ròkè tí agbára ń rọlẹ̀, o ò ní mọ èyí tó yí àdàkọ padà nínú méjèèjì, ó sì ti ba ìwádìí púpọ̀ jẹ́.

Mú ẹ̀dọ̀ kúrò lára láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tó o pa adìẹ. RNase, ẹ́ńsáìmù tó ń tú RNA ká, wà níbi gbogbo, nínú ẹ̀jẹ̀, lórí àwọ̀ ọwọ́ rẹ, lórí ọ̀bẹ. Máa gé e láti etí apá kan náà nínú gbogbo adìẹ. Ti igẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan náà, ibi kan náà. Má pa gbogbo adìẹ 18% tán kó o tó bọ́ sórí 28%. Pa ọ̀kan nínú ìkọ̀ọ̀kan, kó o tún padà, kí àkókò má bàa dà bí oúnjẹ.

Fún iná: tí kò bá sí nitrogen olómi, lo RNAlater, omi tó ń dáàbò bo RNA inú ẹran. Gé ẹran náà kó má nípọn ju ìdajì sẹ̀ńtímítà lọ, fi omi rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá ìwọ̀n ẹran bò ó. Fi sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, kó o tó gbé e lọ sí fírísà. Ní 4°C ó lè lo oṣù kan, ní 25°C ọ̀sẹ̀ kan. Tí iná bá lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, iṣẹ́ rẹ ò tíì bàjẹ́. Ẹran tí wọ́n kàn jù sí fírísà láìsí nǹkan kan, tó yọ́, tó tún dì, ti tán nìyẹn.

Yíyọ RNA pẹ̀lú TRIzol: ẹran miligíráàmù 50 sí 100 nínú mililítà 1, lọ̀ ọ́ kúnná. Chloroform mililítà 0.2, gbọ̀n ọ́n, jẹ́ kó dúró. Fi ẹ̀rọ yí i ní 12,000 g fún ìṣẹ́jú 15 ní 4°C. Ìpele mẹ́ta á jáde. Òkè tó mọ́ gaara nìkan ni kó o fà. Má jẹ́ kí ẹnu pipette kan èyí tó funfun láàárín, DNA wà níbẹ̀. Isopropanol mililítà 0.5, ìṣẹ́jú 10, yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Fi ethanol 75% fọ̀ ọ́, jẹ́ kí ethanol gbẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí RNA gbẹ tán pátápátá, torí kò ní fẹ́ yọ́ sínú omi mọ́. A260/280, òdiwọ̀n ìmọ́tótó RNA, tó dára wà láàárín 1.8 sí 2.0 tàbí díẹ̀ sókè. Tí A260/230 bá kéré gan-an, guanidine tàbí phenol ṣì wà ńbẹ̀. Fọ̀ ọ́ padà. Fi DNase tú DNA tó bá kù ká kó o tó ṣe cDNA, ìyẹn DNA tí wọ́n dà kọ láti ara RNA.

Má gbára lé GAPDH nìkan gẹ́gẹ́ bí jíìnì òdiwọ̀n. GAPDH fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ṣúgà, ebi àti oúnjẹ ń yí àdàkọ rẹ̀ padà nínú ẹ̀dọ̀. Òdiwọ̀n tó ń yẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ò ń wọ̀n kì í ṣe òdiwọ̀n. Lo méjì tàbí mẹ́ta, kó o kọ́kọ́ fi hàn pé oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò yí wọn padà.

Ìṣirò rẹ̀: Ct ni iye ìgbà tí ẹ̀rọ qPCR sọ cDNA di ìlọ́po kó tó rí i. Ká ní Ct malic enzyme jẹ́ 24 nínú adìẹ 23%, ti òdiwọ̀n jẹ́ 18, ìyàtọ̀ jẹ́ 6. Nínú adìẹ 18%, 22.5 àti 18, ìyàtọ̀ jẹ́ 4.5. 4.5 yọ 6 jẹ́ −1.5. Ìyẹn ni pé mRNA ti adìẹ 18% tó ìlọ́po 2.8. Ct kékeré ni mRNA púpọ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ cDNA di ìlọ́po méjì gbọ́dọ̀ wà láàárín 90% sí 110%, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣirò yìí ò dúró.

———

Ìyá-Bróílà (Mọdákẹ́kẹ́)

Mo gba ti lysine, mo gba ti ẹja. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé mRNA ni a fẹ́ tà ni àbí ẹran? Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n tó ròkè ìlọ́po mẹ́ta, ṣé ìlọ́po mẹ́ta ni igẹ̀ máa fi tóbi?

———

Oníṣirò-Oúnjẹ (Ilé-Ifẹ̀)

Rárá, ìyá, ìbéèrè yìí ló sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí bi ara rẹ̀. mRNA máa ń yí láàárín wákàtí. Ẹ́ńsáìmù ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ẹran ń gba ọ̀sẹ̀. Nínú iṣan, ohun tí oúnjẹ ń yára yí lẹ́yìn ìjẹun ni kíkà: leucine (amino acid kan) àti insulin ń tan mTOR, ẹ́ńsáìmù kan nínú sẹ́ẹ̀lì, mTOR ń mú ríbósómù yára ka mRNA tó ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àdàkọ lè má yí rárá kí ẹran máa kún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wọn jíìnì láìwọn igẹ̀, ọ̀rá ikùn àti oúnjẹ tí adìẹ jẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè àgbẹ̀.

Àpọ̀jù púrótéènì náà ní jíìnì tirẹ̀ tó ń jí. Xanthine dehydrogenase nínú ẹ̀dọ̀ máa ń pọ̀ sí i, òun ló wà ní ìparí ọ̀nà tí nitrogen ń gbà di uric acid, funfun tó wà lórí ìgbẹ́ adìẹ. Uric acid kọ̀ọ̀kan ń gba glycine kan lọ́wọ́ ara, ó sì ń ná agbára. Tí ọlọ́jà bá fẹ́ sọ pé 28% ń jí jíìnì, jíìnì ìdàlẹ̀nù ló jí.

———

Ẹ̀rọ-Ìlọ̀ (Iléṣà)

Ilẹ̀ ọgbà sì ni ẹ ó ti rí i. Púrótéènì àpọ̀jù máa ń mú adìẹ mu omi púpọ̀ láti fi kó uric acid jáde. Eruku pákó á tutù, á di gbàgìdì, kòkòrò á sọ uric acid di ammonia. Tí ammonia bá ń ta yín lójú bí ẹ ṣe ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń ta adìẹ tó wà nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn á dúdú lábẹ́. Ní oṣù kejì sí ìkẹta tí oòrùn ń mú, ooru tí ara ń tú jáde láti da púrótéènì nù ń kún ooru ọ̀sán.

———

Ìsọ̀kùn-Adìẹ (Iléṣà)

Ó yé mi. Èyí tí mo ti rà sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n po àgbàdo mọ́ ọn? Àti pé ṣé ìlànà kan náà ni fún adìẹ ìbílẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé?

———

Oníṣirò-Oúnjẹ (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Tó bá jẹ́ 28% lóòótọ́, tẹ́ ẹ fẹ́ 23%, tí púrótéènì àgbàdo sì jẹ́ 9%: 23 yọ 9 jẹ́ 14, 28 yọ 23 jẹ́ 5. Oúnjẹ ìdá 14, àgbàdo ìdá 5. Báàgì kìlò 25 ń gba àgbàdo lílọ̀ kìlò 9. Tó bá jẹ́ pé 22% ni, tẹ́ ẹ sì po kìlò 9 yẹn mọ́ ọn, ẹ ti bọ́ sí 18.6%, òròmọ ọ̀sẹ̀ kìíní ò ní dárí jì yín.

Àgbàdo yẹn á fọ́n àwọn èròjà yòókù náà ká. Fún kìlò 9 tẹ́ ẹ fi kún un, ẹ fi premix gíráàmù 23, egungun lílọ̀ 225, òkúta ẹfun lílọ̀ 110, iyọ̀ 27 àti methionine 25 sí i. Àwọn kékeré yìí, ẹ kọ́kọ́ po wọn mọ́ àgbàdo kìlò kan dáadáa kẹ́ ẹ tó dà á sínú èyí tó pọ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn bù wọ́n sórí òkìtì, adìẹ kan á jẹ iyọ̀ ti mẹ́wàá.

Adìẹ ìbílẹ̀ ò nílò 23%. Jíìnì rẹ̀ ò pàṣẹ ìyára yẹn, 18% ti tó o nígbà òròmọ. Èyí tó lé, uric acid ni.

———

Ìyá-Bróílà (Mọdákẹ́kẹ́)

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Òròmọ tó wá láti Ìbàdàn lè ti lo odidi ọjọ́ kan nínú páálí kó tó dé Iléṣà. Àwọn kan á tún fún un ní omi ṣúgà nìkan títí di ọjọ́ kejì, wọ́n ní yolk inú rẹ̀ ṣì tó o.

———

Oníṣirò-Oúnjẹ (Ilé-Ifẹ̀)

Yolk ò tó o. Iye fọ́nrán iṣan igẹ̀ ti pé kí ẹyin tó pa, ẹnikẹ́ni ò lè fi oúnjẹ kún un mọ́. Ohun tó kù ni kí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan nípọn, àwọn sẹ́ẹ̀lì satellite tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀ láti fi kókó tuntun kún un. Kókó tó pọ̀ ni ibi àdàkọ tó pọ̀. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn pípa ni sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń pín jù, ebi sì ń dá wọn dúró. Igẹ̀ tó pàdánù rẹ̀ nígbà yẹn kì í rí gbogbo rẹ̀ gbà padà, ì báà jẹ́ 28% lẹ ń fún un ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹ tẹ́ bébà, ẹ da sítátà sórí rẹ̀, ẹ gbé omi sítòsí kí òròmọ tó dé, kí ibẹ̀ sì ti gbóná dé 32°C sí 34°C. Lẹ́yìn wákàtí 8, ẹ fọwọ́ kan àjẹsí, àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn, òròmọ kọ̀ọ̀kan: nínú 100, ó kéré tán 80 gbọ́dọ̀ ti kún, kó sì rọ̀. Ní wákàtí 24, 95. Àjẹsí tó le bí òkúta ń sọ pé omi ò tó. Èyí tó rọ̀ bí àpò omi ń sọ pé kò tíì rí oúnjẹ.

———

Ọmọ-Unifẹ̀

Ìbéèrè ìkẹyìn. Ní ilé ìpẹran, wọ́n máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ adìẹ fún wákàtí 8 sí 12 kí wọ́n tó pa á. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀ náà kí ìfun lè mọ́?

———

Yàrá-Àyẹ̀wò (Ilé-Ifẹ̀)

Má ṣe é. Wákàtí 8 láìjẹun ti tó kí glucagon fa àdàkọ malic enzyme wálẹ̀ nínú adìẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyàtọ̀ tó ò ń wá á sì pòórá. Má kàn mú wọn bó o ṣe bá wọn náà, torí ọ̀kan á ti jẹun nísinsìnyí, èkejì á ti jẹ ní àná. Gba oúnjẹ lọ́wọ́ gbogbo wọn fún wákàtí méjì, dá a padà fún wákàtí kan, tún gbà á, kó o pa wọ́n ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà. Kọ àkókò tó o gba oúnjẹ àti àkókò tó o pa adìẹ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ̀. Ìfun tó dọ̀tí ò ní pa ẹ̀dọ̀ lára, fi ọ̀bẹ mìíràn gé e.